Ọwọ́ Àbúrò Yín Wà Nínú Odò

Bàbá mi, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń dúró kí nǹkan gbẹ,

Ọkọ̀ ojú irin yín ti dé Iléṣà. Ó kọjá lórí afárá Ọ̀ṣun láìyẹ̀, ó sì dúró síbi tí ẹ fẹ́ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n odò tí ó kọjá lórí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èmi àti ẹ̀yin jọ gbèrò. N óò tò ó fún yín lẹ́sẹẹsẹ, nítorí bí mo bá gba ìbínú láyè láti bá mi di gègé mú, ìwé yìí yóò fàya.

Ẹ rántí pé odò nìkan ni ó ṣẹ́kù nígbà tí ikú mú yín lọ. Ayé kékeré tí ẹ fi ọwọ́ kọ́ ti gba gbogbo yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Òkè Fìà. Ibùdó ọkọ̀ Òṣogbo wà níbẹ̀, agolo mílíìkì ni ẹ gé ṣe páànù òrùlé rẹ̀. Àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a rẹ sínú gọ́ọ̀mù, tí a sì fi símẹ́ǹtì funfun rẹ́ lára. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi jókòó nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ta ti Kánò, ẹ ta ti Èkó, ẹ kò ta ti ìlú yín rí, nítorí rélì ìjọba kò dé Iléṣà. Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ́ ẹ débẹ̀. Omi ni ẹ fi ṣe ìkẹyìn, kí eruku iṣẹ́ yòókù má bàa bà á jẹ́. Lórí ibùsùn yín ni mo ti ṣèlérí pé kí ìrántí ọdún kan tó pé, ọkọ̀ yóò kọjá lórí omi.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láti wo àwọ̀ odò. Bàbá, odò náà kò rí bí ẹ ti fi hàn mí nígbà èwe mi mọ́. Àwọn tí ń wa wúrà lápá òkè ti sọ ọ́ di tíì tí wọ́n da mílíìkì sí jù. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e wálé láti fi ọ̀dà wé e. Èwo ni ẹ fẹ́, Ọ̀ṣun ti òní ni àbí èyí tí ẹ mọ̀? Ẹ kò sí níbẹ̀ kí n bi yín. Èyí tí ẹ mọ̀ ni mo yàn: mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn kun àárín ìsàlẹ̀ odò kí ó lè jìn lójú, mo fi àwọ̀ iyanrìn kun etí rẹ̀, mo sì to òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí omi yóò ti máa ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo po rẹ́síìnì, oje tí ń dà bí omi tí ó sì ń le bí gíláàsì. Mo ń dà á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo ń jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ le kí n tó da tòkè lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi sítíróò fẹ́ èémí sí i kí ìfófòó lè jáde. Mo fi aṣọ ibùsùn yín funfun bò ó, mo sì ti ìlẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ bí ẹ ti kọ́ mi.

Ìyá Títí, ayálégbé wa tí ó wà lẹ́yìnkùlé, yọjú lójú fèrèsé. Ìgò omi Ọ̀ṣun ni ó rí, àti aṣọ funfun, àti obìnrin tí ó tẹrí ba tí ètè rẹ̀ ń mì lórí omi nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀. Kò bi mí léèrè. Àbúrò yín ní Iléṣà ni ó pè lórí fóònù. Ẹ mọ Bàbá Kékeré, ẹ sì mọ ilé àdúrà rẹ̀. Lójú wọn, mo ti gbé ojúbọ Ọ̀ṣun kalẹ̀ sínú ilé onígbàgbọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni ó dé, òun àti ọkùnrin méjì láti ìjọ rẹ̀. Àáké oko yín ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo kó sí ulé ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Kékeré."

"Má kí mi. Ṣí yàrá yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò tíì dì. Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, òòṣà tí kò tíì dì. Ṣé ẹ̀kọ ni?"

Bàbá Kékeré gbá mi létí, ó tún gbá mi létí kejì. Ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ó ta ìlẹ̀kùn nípàá.

Ibùdó Òṣogbo ni àáké kọ́kọ́ bà. Páànù mílíìkì fò, ó ha ògiri. Ó la àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà, ìfun ìwé ìròyìn wọn tú jáde. Ó ṣá afárá, igi rẹ̀ ń ké bí eegun ẹran lábẹ́ ọ̀bẹ alápatà. Ní gbogbo ìgbà yìí ni ó ń gbàdúrà, gbólóhùn kan, àáké kan. Nígbà tí ó kan odò, ó ju àáké sílẹ̀, ó ṣí aṣọ funfun, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú omi láti fa ohun tí mo rì síbẹ̀ jáde.

Omi náà dì í mú.

Ó fà á, ó yọ̀ bí ilá. Rẹ́síìnì tí ń dì máa ń gbóná, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o láàárín ìka. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà da korobá omi lé e lọ́wọ́, kò ran nǹkan kan. Èkejì ti wà lójú títì.

"Kí lo fi sí i?"

"Rẹ́síìnì ni, sà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Old Garage ni mo ti rà á."

"Yọ ọ́ lọ́wọ́ mi."

Ìgò sípíríìtì tí yóò yọ ọ́ wà lórí pẹpẹ, nítòsí èjìká mi. Mo wò ó. Mo wo àáké tí ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo wo ọrùn àbúrò yín, níbi tí iṣan ti ń lù, mo sì mọ ibi tí n bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí mi nígbà náà?

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́."

Mo jẹ́ kí ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni mo mú sípíríìtì, tí mo sì fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ti máa ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo bó o ju bí ó ti yẹ lọ, títí awọ fi ṣí tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò dẹ ọwọ́.

Nígbà tí mo ń ṣa àfọ́kù jọ, mo rí ọkùnrin kékeré tí ẹ gbẹ́, oníṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí ń dúró ní ibùdó Iléṣà. Àáké ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ọjọ́ tí ẹ ń kun ún, tí ẹ ń fi ètè mú kí orí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ṣóńṣó, mo béèrè ẹni tí ó jẹ́. Ẹ ní àbúrò yín ni. Nígbà tí ó wà ní kékeré, bí ẹ bá ti wálé fún ìsinmi, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ọjọ́ tí rélùwéè yóò dé Iléṣà. Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò mú un wọ yàrá yẹn rí? Bí ó bá ti rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣé yóò gbé àáké?

Mo tún afárá kọ́. Mo tún rélì tò. Àmì àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Kékeré ti dì sínú odò pẹ̀lú ìka márààrún. N bá lè da rẹ́síìnì mìíràn bò ó kí ó parẹ́. N kò dà á.

Ní ọjọ́ ìrántí yín, lẹ́yìn àdúrà, mo ṣí ìlẹ̀kùn fún gbogbo mọ̀lẹ́bí, mo sì tan ọkọ̀. Gbogbo wọn rí ọwọ́ náà lábẹ́ afárá, wọ́n sì wo Bàbá Kékeré. Ó ki tirẹ̀ bọ àpò agbádá. Ìyá Títí kò gbé ojú sókè. Ọkọ̀ kọjá lórí ìka kọ̀ọ̀kan, ó gun òkè, ó dé Iléṣà. Àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan náà.

"Ta nìyí?"

"Èrò ni, sà."

"Ṣé kò ní wọlé ni?"

Ìdáhùn tòótọ́, pé òun fúnra rẹ̀ ni, wà lẹ́nu mi, ó wúwo ju àáké lọ, mo sì mọ̀ pé yóò ṣá a dé ibi tí àáké kò lè dé. Ṣé kí n sọ fún un, Bàbá? Títí ẹ ó fi dáhùn, èmi ni mo di kọ́kọ́rọ́ yàrá náà mú, òun sì ń dúró.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní injiníà, tí ó ṣì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì yín mọ́ kí ó tó sùn.