Bí Mo Ṣe Ṣẹ́gun Ìlú Òjò

Thamesmead, London.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Gafar, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo kí ọ kú alẹ́. Ìgbà tí lẹ́tà yìí bá bá ọ ni kí o mú tìẹ níbẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o dìde lórí ìrun láìdi ògiri mú? Ní tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òtútù ti dé, ṣùgbọ́n kò tíì rí mi gbé lọ.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kàn. Mo ti ṣẹ́gun ìlú kan. Odindi ìlú, tòun ti ọlọ́pàá rẹ̀, tòun ti àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn bí ènìyàn. Èmi nìkan, ìka kan ṣoṣo, ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Ó dáa, má tíì lọ sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Inú kọ̀ǹpútà ni ìlú náà wà. Kì í sì í ṣe ọ̀sán kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni.

Anisah, ọmọ Kàfí ọmọ mi, èyí tí o máa ń gbé sí èjìká nígbà tí o wà níhìn-ín, ti ń ṣe géèmù kan láti ọdún méjì. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jọ ti àtijọ́, àwòrán rẹ̀ rí bí ẹní tí wọ́n fi oríṣiríṣi àwọ̀ hun, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ni ìtàn rẹ̀. Òjò kì í dá nínú ìlú náà. Mo ní kí ló wá fi yàtọ̀ sí Thamesmead? Iná aláwọ̀ mèremère ń tàn lára gbogbo ilé, wáyà wà lọ́rùn àwọn ènìyàn, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló sì ni gbogbo wọn, títí kan ohun tí wọ́n ń rántí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìlérí ń wá ohùn ìyá rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà tì mọ́ ilé gogoro kan. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí eré sísá. Èèyàn á kàn fi eku kọ̀ǹpútà darí ọfà kékeré kan, á tẹ ohun tó bá fẹ́, á sì yan ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀: Wò ó, Mú un, Lò ó, Bá a sọ̀rọ̀. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, torí Anisah ní òun fẹ́ kí irú èmi àti ìwọ lè fi ṣeré.

Ibi tó ti le nìyí. Àwọn kan wà ní Woolwich tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣe géèmù ní yàrá iṣẹ́ àti olùkọ́ fún ọdún kan. Géèmù méjì péré ni wọ́n fẹ́ mú. Òfin wọn ni pé ẹlòmíràn ni yóò fi géèmù náà ṣeré lójú wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Anisah ní èmi ni òun mú. Ìyá rẹ̀ ní, “Daddy? Daddy tó ń fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n pe fóònù?” Anisah ní bí Grandpa ò bá lè fi ṣeré dé òpin, a jẹ́ pé òun ń tan ara òun jẹ ni, òun á pa á tì. Gafar, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní bí ìdí mi bá máa ta gbòǹgbò lórí àga, màá dé òpin ìlú yẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jẹun àárọ̀ tán, ìdí tábìlì ni. Sìdí aládùúgbò mi wá pè mí pé ká lọ ra ẹja ní Thamesmead Town Centre. Mo ní kó máa lọ, mo ń wá ohùn ìyá ẹnì kan. Ó wò mí lókè nílẹ̀, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Mo ń bá a bọ̀ dáadáa títí mo fi dé yàrá ìyá arúgbó kan. Ó ti sùn lọ lórí àga, ó ń hanrun. Káàdì tó ń ṣí ilé gogoro wà lórí tábìlì rẹ̀. Kí n ṣáà mú un ló kù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò nínú yàrá yẹn. Anisah wá bá mi, ó ní, “Grandpa, kí ló dé? Mú káàdì yẹn now!” (O rí i, kò mọ ẹ, kò mọ o, bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ níhìn-ín nìyẹn.) Mo ní èmi Fàsásì, ọmọ Àlùfáà, kí n wọ yàrá arúgbó, kí n gbé nǹkan rẹ̀ lójú oorun? Ó ní, “Grandpa, it's a game. Màmá yẹn ò sí níbì kankan.” Mo ní bí kò bá sí, ta ló ń hanrun? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní nílé wa, bí o bá fẹ́ nǹkan àgbà, o ó kúnlẹ̀, o ó kí i, o ó tọrọ rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń tọrọ nǹkan nínú géèmù tìẹ? Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo èmi, ó gbé e kúrò níwájú mi, ó lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e padà wá. Ọ̀rọ̀ karùn-ún ti wà nísàlẹ̀, gàdàgbà: Tọrọ.

Sátidé tó kọjá ni èmi, Anisah àti Kàfí lọ. Bọ́ọ̀sì la wọ̀, awakọ̀ náà ń tẹ bírékì bí ẹni ń pa aáyán. Láyé ìgbà tí èmi àti ìwọ ń wa bọ́ọ̀sì níhìn-ín, wọn ì bá ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. A kọjá ibi tí Connaught Estate wà nígbà yẹn, níbi tí o ti fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí a jọ ń sùn sí fún ọdún méjì. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dán àwọn géèmù wò kò jìnnà sí Woolwich Arsenal Station. Anisah jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó má baà fi kan nǹkan. Mo rọra ń bá tèmi lọ. Nígbà tí mo dé yàrá ìyá arúgbó, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù. Mo tẹ Tọrọ. Ìlérí kúnlẹ̀. Ìyá náà la ojú kan, ó ní, “O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Gbà. Bá mi ti fèrèsé yẹn bó o bá ń lọ.” Gbogbo gbọ̀ngàn, tó ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé gogoro, mo ṣí ilẹ̀kùn ìkẹyìn, ohùn ìyá Ìlérí sì jáde: “Ṣé o ti jẹun?” Ohùn Kàfí ni! Anisah ti gbà á sílẹ̀ láìsọ fún un. Kàfí, tó jókòó sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn, fi ìborùn bojú.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Juliana, olórí wọn, bèèrè ibi tí Tọrọ ti wá. Anisah ní, “Grandpa mi ló kọ̀ láti jalè.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwà. Èmi, Gafar! Géèmù Anisah ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú méjì tí wọ́n mú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ máa gbé ọ lọ síbi ayọ̀. Kí Ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má ṣòfò. Kí a tún fojú rí ara wa kí a tó kú, kí n lè bú ọ lójúkojú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó mọ gbogbo àṣírí rẹ,
Fàsásì.

Àfikún: Mi ò lè parọ́ fún ọ dé ìdí. Kí n tó dé yàrá yẹn, mo ti jí agboòrùn ọlọ́pàá, mo ti gba eegun lẹ́nu ajá, mo sì ti gbé bàtà ẹni tó ń kírun. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò Ìlérí, gbogbo gbọ̀ngàn ló rí i, kò sẹ́ni tó bèèrè. Kì í ṣe olè ni mo kọ̀. Káàdì yẹn kéré bí ẹyọ gààrí, ọwọ́ ọ̀tún mi sì ti ń gbọ̀n láti ìgbà ààwẹ̀. Ọfà náà kò dúró lórí rẹ̀. Ojú ló tì mí tí mo fi gbé ìwàásù kalẹ̀. Nígbà tí mo wọ yàrá náà ní Sátidé, káàdì ti tóbi bí àwo ìjẹun. Mi ò sọ nǹkan kan fún Anisah, òun náà kò sọ nǹkan kan fún mi. Lánàá ni mo na ọwọ́ náà sí i, mo ní kó wò ó. Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń lọ rí dókítà.