Ìka Kò Léèwọ̀

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹta, 1999
Owó Mùjíbátù tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ná. Mo san ìyókù láàárọ̀ yìí, kò sí gbèsè mọ́. Ó yá, ìwé, káàárọ̀ o.
Olójú-Kan, kọ̀ǹpútà mi, ti wọlé! Tòkunbọ̀ ni. Ẹ̀rọ ìlọta mi ni mo tà rà á. Mo gbé e sáàárín kẹ̀kẹ́ arọ àti àwọn ọ̀pá abẹ́ abíyá tí mo fẹ́ máa tà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Múyì, ọkọ mi, wò ó títí. Wọ́n ní ṣé tẹlifíṣọ̀n tí kò lè ṣeré ni mo tún rà. Mo ní yóò ṣeré owó.

Ọjọ́rú, 3
Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò nígboro — àwọn tó ń sanwó ìtọ́jú fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe. Ìyàndá tó ń gbàwé níbẹ̀ ní, 'Mọ́mì, a ò gba bébà mọ́. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ni.' Kí n mú ìwé owó oníbàárà kan wá dán wò. Bí ẹ̀rọ wọn bá gbà á, gbogbo èèyàn wọn láti Olódò dé Ẹgbẹ́dá, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti máa gba ọ̀pá. Bí ó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí.
Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Eyínmẹ́nugún ni oníbàárà àkọ́kọ́. Àbúrò Bàbá Múyì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí wọn kí n tó wọlé yìí, ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí mi. Iléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n ti kán lẹ́sẹ̀. Mo fún wọn lọ́pàá méjì. Ìka kan ni mo fi tẹ ìwé owó náà, mo sì gbé e lọ fún Ìyàndá. Ẹ̀yìn ń ro mí, ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ìyàndá dá a padà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Eyínmẹ́nugún lọ́dọ̀ àwọn.
Orúkọ tí èmi sọ wọ́n nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ni! Ta ní ń pe ọkọ lórúkọ? Àní ọwọ́ mi ò rò ó.
Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́rú, 10
Mo lọ ṣàlàyé. Eyínmẹ́nugún rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. 'Ìyàwó, ṣé o ò mọ orúkọ mi ni?' Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ni kò gbọdọ̀ gbé e. Mùsílímátù, àgbà ìyàwó ilé, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, dá sí i: 'Pè é wò. Ewúrẹ́ lo máa fi bẹ ilé yìí.'
Eyínmẹ́nugún ní, 'Ẹnu ni wọ́n kà léèwọ̀, wọn ò ka ìka.'
Wọ́n tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pé, mo wojú Olójú-Kan — Oyèkúnlé Àyànṣọlá. Orúkọ tó dára báyìí, n kò kọ ọ́ rí.

Ọjọ́bọ̀, 11
Mo fi lé Ìyàndá lọ́wọ́. Ó ní, 'Kí ni orúkọ ọ̀hún gan-an, Mọ́mì?' Mo ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn kà á fún un.
Ó ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ni èsì. Ajé náà ni mo ń retí.