Ilẹ̀ Wa Gba Méje Ààbọ̀

Corinne ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Boston? Ṣé ooru kò mú yín jù? Mo ń gbà á ládùúrà pé kí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ò ń wọ̀ má ṣe gbàgbé ibi tí yóò gbà jáde. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi gbà kí n padà sójú òkun lọ dẹ ọ̀kàṣà.

Ọ̀rọ̀ igi búlúbẹ́rì mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. O ní tí wọ́n bá so, wàá wálé lóṣù Ògọ́sì wá fi èso wọn ṣe páì bí ìyá rẹ ti máa ń ṣe kó tó kú. Ọdún kẹta rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn, nítorí náà n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Mo da èèpo ọ̀kàṣà àti eérú àdògán sí wọn nídìí, bí gbogbo wa níbí ti ń ṣe fún kábéèjì. Kò pé oṣù kan, ewé wọn pọ́n rúsúrúsú.

Mo gbé fóònù tí o rà fún mi sí wọn lójú bí o ti kọ́ mi, mo sì kí i kí n tó bi í léèrè. Ó ní àìtó irin ló ń dà wọ́n láàmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbẹ́lẹ̀, mo sì ri ìdákọ̀ró ọkọ̀ mi mọ́ ìdí èyí tí àìsàn rẹ̀ le jù. Ọjọ́ kẹta ló kú. Ó jọ pé irin náà pọ̀ jù fún un.

Ni mo bá di erùpẹ̀ ilẹ̀ náà díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ohun tí mo ti fi sí i, mo kọ ọ́ pé gbogbo ọkàn mi. Nígbà tí èsì dé, wọ́n fún ilẹ̀ wa ní méje ààbọ̀. Inú mi dùn, torí ìwọ fúnra rẹ kò gba tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìṣirò. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù èbúté, àwọn èèyàn sì ń kí mi kú oríire.

Àfi ìgbà tí Verna aládùúgbò wa kà á, ẹni tó ti ń ká búlúbẹ́rì igbó láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ilẹ̀ kíkan ni búlúbẹ́rì ń fẹ́, pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni ilẹ̀ ṣe ń kan sí, èèpo àti eérú mi ló bà á jẹ́. Ó ní, “Lendall, o fi oúnjẹ kábéèjì bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, o wá ń fi ìwé àìsàn rẹ̀ yangàn.” Ojú tì mí. Mo tọ́ ilẹ̀ náà wò, òótọ́ ni, kò kan.

A ti kó èèpo kúrò. Ọ̀kan nínú méjì tó kù ti ń rúwé, ó sì so mọ́kànlá. Mo fi àwọ̀n bò ó nítorí ẹyẹ. Verna ní mọ́kànlá kò lè ṣe páì, kò tilẹ̀ lè kún ẹnu. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ẹ̀rù ń bà mí pé o lè gbọ́, kí o ní kò sí ohun tí o fẹ́ wá ṣe nílé.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra imí ọjọ́ tí Verna ní yóò mú ilẹ̀ kan. Má fi í sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá. Ṣùgbọ́n bí owó ọwọ́ rẹ kò bá tó imí ọjọ́ àti owó ọkọ̀, jẹ́ kí igi kú. Wọ ọkọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àbọ̀ ni mo tẹnu mọ́ jù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lendall