Wọ́n Ní Ẹ Ri Wúrà Mọ́ Oko Ìfẹ̀wàrà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kéèyàn máa wá rojọ́ fún yín tẹ́ ẹ bá ti dùbúlẹ̀. Ẹ máa ń fi fìlà bojú, ẹ ó ṣe bí ẹni tó ti sùn lọ, àmọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín á máa mì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Bóyá ẹ ń gbọ́ báyìí náà. Mi ò lè rí ẹsẹ̀ yín mọ́, mo kàn ń sọ ọ́ lọ ni.

Ẹjọ́ Múfú ni mo fẹ́ rò. Múfú àkọ́bí yín, tẹ́ ẹ gba ṣọ́ọ̀bù fún ní Òkè-Fíà kó lè máa ta ike ẹ̀yìn fóònù, nítorí ó ní omi kòkó ń ba aṣọ òun jẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní “wọ́n”. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Ẹjọ́ Ràṣídì ọkọ mi náà wà níbẹ̀, àmọ́ tiẹ̀ ò gùn. Ibi tí Múfú bá yà sí lòun náà ń yà sí. Tí Múfú bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín, tó bá yá, á wá bi mí pé kí ni wọ́n sọ.

Láti ìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà ti pọ̀ ní agbègbè Ìfẹ̀wàrà ni Múfú ò ti sùn dáadáa mọ́. Ó ní ẹ ò ra mọ́tò, ẹ ò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ò lọ sí Mẹ́kà, kí wá lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe nínú igbó? Ó ní ẹ ti rí wúrà lóko, ẹ sì ti rì í mọ́lẹ̀ síbì kan. Bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi okùn di bàtà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gé ọṣẹ sí méjì kó lè pẹ́! Kò rò ó pé oúnjẹ tí gbogbo wa jẹ dàgbà àti ṣọ́ọ̀bù tóun ń jókòó sí, ibì kan ni wọ́n ti jáde wá. Nítorí pé èmi ni mo wà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ, ó ní etí mi lẹ sọ ọ́ sí.

Kò bi mí ní Òṣogbo o. Ọgbọ́n ẹ̀ tó ìyẹn. Ó gbé búrẹ́dì wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kòkó ti pọ́n lóko, kí gbogbo wa lọ ká a káwọn olè tó ká a. Kí n tó dáhùn, Ràṣídì ti ń ká ìró mi sínú báágì. Ràṣídì tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun! Ojú mi rí i. Mo tún rí i pé wọn ò mú dòjé, wọn ò mú agbọ̀n, ṣọ́bìrì àti dígà ló wà nínú àpò tí Múfú gbé. Ta ló ń fi dígà ká kòkó? Mo rí gbogbo ẹ̀, mo ṣì tẹ̀ lé wọn, nítorí Ràṣídì ti gbé Àwáwù wọ mọ́tò, ó ti jókòó.

Ẹ ò mọ Àwáwù ọmọ mi. Ẹ lọ kó tó dé. Orúkọ ìyá yín la sọ ọ́. Etí yín ló gbé wá, èyí tó yọ síwájú yẹn. Tó bá ń mu ọmú, á máa fi ọwọ́ kan fa etí ọ̀hún.

Nígbà tá a dé etí odò, Múfú gba fóònù mi, ó ní kí omi má baà wọ̀ ọ́. Mi ò tún fojú kàn án.

Ahéré yín ṣì dúró. Páànù ẹ̀ ti dípẹtà, àmọ́ kò jò. Ìṣó tẹ́ ẹ máa ń fi àpò kọ́ ṣì wà lára ògiri, òórùn kòkó gbígbẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti kí yín. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá gbé oúnjẹ wá. Ṣé ẹ dáhùn? Ràṣídì ní ta ni mò ń kí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún irú ẹ̀?

Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sílé kankan nítòsí ibẹ̀. Téèyàn bá pariwo, igi ló ń gbọ́. Múfú ò jẹ́ ká mu omi tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Àbúrò mi, ibo ni Bàbá kó o sí?”

“Kó kí ni sí, Bọ̀dá Múfú?”

“Má fi mí ṣeré. Wúrà!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. “Wúrà ké? Bàbá wa tí gbogbo wa mọ̀ yẹn?”

Ràṣídì dá sí i. “Má rí ẹ̀gbọ́n ẹ fín o. Ohun tí wọ́n bi ẹ́ ni kó o dáhùn.”

Mo wò ó. Ọkọ mi nìyẹn, tó sọ níwájú àfáà lọ́jọ́ yìgì pé òun á tọ́jú mi.

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní ohun tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn ni pé ìrọ̀rí yín ga jù, kí n bá yín yọ ọ̀kan kúrò. Mo yọ ọ́, ẹ mí kanlẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Múfú sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìrọ̀rí wo?”

Bàbá mi, ó bi mí pé ìrọ̀rí wo! Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó ń ro ibi tá a kó àwọn ìrọ̀rí ọ̀hún sí ní Òṣogbo. Ọmọ tẹ́ ẹ bí nìyẹn. Bàbá ẹ̀ ń kú lọ, ìrọ̀rí ló gbọ́.

Wọ́n gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa ń tẹ́ ẹní sí. Wọ́n gbẹ́ ìdí ààrò. Wọ́n gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti máa ń kírun, ìyẹn ló dùn mí jù. Kí n má baà sá lọ, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Tó bá fẹ́ mu ọmú, Ràṣídì á gbé e wá, á dúró tì mí bíi wọ́dà. Tó bá ti mu tán, á gbà á padà. Ó ń gbé ọmọ ara ẹ̀ bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Tó bá ké, á ní, “Ṣé eléyìí ò lè dákẹ́ ni?” Eléyìí! Ọmọ tó bí!

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara Àwáwù gbóná. Kì í ṣe ìgbóná eyín, mo mọ ti eyín. Èyí mú kí ojú ẹ̀ rọ, tó bá ń mu ọmú, ọwọ́ ẹ̀ ò lọ síbi etí mọ́. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kúnlẹ̀ fún Múfú. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni mo ń kúnlẹ̀ fún tọkàntọkàn.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ọsibítù ní Ìfẹ̀wàrà. Màá padà wá. Wàlláhì, màá padà.”

Ó ń rin pákò. Kò yọ ọ́ lẹ́nu.

“Ẹnu ẹ ni kọ́kọ́rọ́. Ṣí i, kó o máa gbé ọmọ ẹ lọ.”

Mo wo Ràṣídì. Ó ń wo ẹnu Múfú láti mọ ohun tóun náà máa rò.

Ó wù mí kí n parọ́, kí n nawọ́ síbì kan. Àmọ́ mo rò ó pé tí wọ́n bá gbẹ́ ibẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan, ta ni wọ́n máa padà wá bá? Àdá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Múfú ní gbogbo ìgbà, kì í fi í sílẹ̀. Mi ò nawọ́ síbì kankan.

Ó jáde lọ sínú oko. Nígbà tó fi máa dé, ojú ẹ̀ ń dán.

“Ràṣídì! Dìde! Mo ti rí i!”

Ó ní òun rí àwọn pèrègún kan tó tò lọ gbọọrọ lẹ́yìn àwọn igi kòkó.

“Kí ni àgbẹ̀ ń fi pèrègún ṣe? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Ṣé wọ́n ń tà á ni? Àmì ni Bàbá fi ṣe! Ìdí ọ̀kan nínú wọn ló wà.”

“Ẹ̀gbọ́n, orí yín pé o,” Ràṣídì ló wí bẹ́ẹ̀.

Pèrègún, Bàbá mi! Ààlà oko! Ọmọdé tó bá ti gbé omi lọ sóko rí mọ̀ pé pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà. Ìyẹn ló wà láàárín ilẹ̀ yín àti ilẹ̀ Màmá Ìjẹ̀ṣà, tí ọkọ wọn fún yín níbi tẹ́ ẹ dáko sí. Ẹnì kan kì í dá fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ro ìdí ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀yin méjèèjì á jọ rìn ín láti òkè dé etí odò, ẹ ó máa bá ara yín ṣàwàdà, èmi á máa gbé omi tẹ̀ lé yín. Ẹni tó bá wú u, ilẹ̀ onílẹ̀ ló fẹ́ jẹ, wọn kì í fi irú ẹ̀ ṣeré nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Múfú ò mọ̀, nítorí pé Múfú ò tẹ̀ lé yín rí kọjá ibi tí títì parí sí.

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Mo ti ní, “Bọ̀dá…” Ìgbà yẹn ni Àwáwù mí kanlẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, bí arúgbó.

“Kí lo fẹ́ sọ?”

“Mo ní ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù nínú gbogbo wa.”

Inú ẹ̀ dùn! Ó gbà á gbọ́!

Iṣẹ́ ọ̀hún ju ti ẹnì kan lọ, ni Ràṣídì bá gbé ọmọ fún mi. Wọ́n tì wá mọ́nú ahéré, wọ́n fi àgádágodo sí i níta. Mo fi ìborùn mi bọ omi tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, mo ń nu ọmọ lára. Mò ń wò wọ́n lójú fèrèsé kékeré yẹn. Wọ́n ń wu pèrègún, wọ́n ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Múfú ń kọrin. Tí ẹnikẹ́ni ò bá gba ọ̀nà yẹn kọjá ńkọ́? Tí wọ́n bá wú u tán ńkọ́? Mò ń ka Fátíà sí Àwáwù létí, mò ń ṣì í kà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ohùn Màmá Ìjẹ̀ṣà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí wọn, wọ́n ń bọ̀ wá sóko wọn lódìkejì ààlà ni. Àwọn ọmọ wọn ọkùnrin wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú àwọn lébìrà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tàdá-tàdá.

“Ta ló ń wu ugi ààlà mi? Ulẹ̀ ta lẹ fẹ́ jẹ?”

“Màmá, ẹ rọra,” Múfú ní. “Oko bàbá mi ni. Bàbá Òṣogbo tó kú.”

“Irọ́! Bàbá Òṣogbo ò jẹ́ ro ìdí pèrègún yìí láìpè mí. Ọmọ tó bí á wá wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò? Olè ni yín! Ẹ dì wọ́n mú!”

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà kàn gbá ṣẹ́ẹ̀tì Ràṣídì mú ni.

“Mi ò mọ nǹkan kan o! Àwọn ló ní kí n wá! Àwọn nìyẹn!”

Bó ṣe ta ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn, wọn ò tíì gbá a létí. Tí mo bá ní ọkùnrin ni mo fẹ́, àwọn ọkùnrin á bínú sí mi.

Múfú ń búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ló bá ní, “Àbúrò mi wà nínú ahéré, ẹ wá bi í!” Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣí àgádágodo yẹn. Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wá a nínú koríko bí ewúrẹ́.

Mo gbé ọmọ mi jáde. Màmá Ìjẹ̀ṣà wò mí títí.

“Ìwọ kọ́ lo máa ń gbé omi tẹ̀ lé bàbá ẹ?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ wá lèyí?”

Múfú ń wò mí. Mi ò rí ojú yẹn lára ẹ̀ rí. “Àbúrò mi dáadáa, bá mi bẹ̀ wọ́n. Sọ fún wọn pé àṣìṣe ni.” Òótọ́ ni, àṣìṣe ni. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ tèmi nítorí yín, wọ́n á fi í sílẹ̀, gbogbo wa á sì tún padà sínú ahéré yẹn.

Mo ní, “Màmá, ara ọmọ mi gbóná, wọ́n sì tì wá mọ́lé. Ẹ gbà mí. Ohun tí wọ́n ń wá nídìí pèrègún yín, ẹ bi wọ́n.”

Wọn ò bi mí ní nǹkan míì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn fi ọ̀kadà gbé wa. Ràṣídì ń pariwo lẹ́yìn wa, “Ìyá Àwáwù! Ìyá Àwáwù!” Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ibà ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún wa lóògùn. Nọ́ọ̀sì bínú sí mi pé irú ìyá wo ló ń jẹ́ kí ara ọmọ gbóná tó báyìí. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ara ẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lánàá ó fa etí.

Ilé Màmá Ìjẹ̀ṣà la ṣì wà. Wọ́n kó Múfú àti Ràṣídì lọ sáàfin. Wọ́n ní kí wọ́n tún gbogbo pèrègún yẹn gbìn, àti pé wọn ò ní kúrò nílùú láìjẹ́ pé onílẹ̀ dárí jì wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ń lọ wo ọmọ Òṣogbo tó fẹ́ fi pèrègún wá wúrà. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wá bá mi láti Òṣogbo.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹ ni. Lọ kúnlẹ̀ fún Màmá yẹn, wọ́n á gbọ́ tìẹ.”

“Mo ti kúnlẹ̀, Bàbá Kékeré. Múfú ni mo kúnlẹ̀ fún. Ẹ bi í ohun tó sọ fún mi.”

Wọ́n kàn ń tún ọwọ́ agbádá ká. Wọ́n ní Ràṣídì ní òun fẹ́ rí ọmọ òun. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ.

Bàbá mi, ṣé ẹ ń bínú sí mi? Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀ bá ti ṣí fìlà, ẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀ kí wọ́n tó bi yín. Ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un jù. Ṣé ẹ rò pé ó mọ̀? Mi ò lọ o. Tí wọ́n bá tún rán ẹlòmíì wá lọ́la, mi ò ní lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn yín. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Kí Ọlọ́run tẹ́ Àlùjánnà fún yín, kó sì fẹ̀ dáadáa.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín ju gbogbo wọn lọ, tí kò sì ní bá yín bẹ̀bẹ̀ fún Múfú.