Igbó Ẹ̀yìn Ilé Ìyá Wúrà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́, 1991

Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di báyìí. Igbó yẹn ti lọ!

Ẹ̀yìn ilé Ìyá Wúrà, lọ́nà Ìbà, la ti fẹ́ ya fíìmù tá a máa fi jáde ní yunifásítì. Ìtàkùn bo ibẹ̀, òdòdó yẹ́lò sì kún orí ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ aṣọ. Orí igbó yẹn la gbé gbogbo eré wa lé. Ọ̀la la sì máa dá kámẹ́rà tá a yá padà.

Láàárọ̀ yìí, èmi àti Rẹ̀mí tá a jọ ń ṣe fíìmù náà débẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú gbalasa! Kò ku ewé kan. Ìyá Wúrà jókòó sórí àpótí, léèsì lọ́rùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣán an, ẹ̀yin ọmọ mi."

Rẹ̀mí lọgun: "Màmá! Igbó yẹn gan-an la fẹ́ yà!"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n nawọ́ sí àárín ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí sìmẹ́ǹtì tó ti sán, àti orúkọ tí wọ́n fi ìka kọ sára ẹ̀.

"Bàbá Wúrà rèé. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ni ò jẹ́ kí n máa tọ́jú ibẹ̀. Ṣé kí gbogbo ayé wá rí i nínú fíìmù pé mo jẹ́ kí igbó bo ojú oórì ọkọ mi ni?"



Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ ọ́ lójú wọn: "Màmá, igbó yín yìí mà rẹwà o!" Wọn á dorí kodò. Èmi rò pé inú wọn ń dùn ni.