Orúkọ Mi Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Rẹ

Agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Karimat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó tó o wà yẹn? Ṣé ara le, ṣé iná ń wà, ṣé omi ń yọ níbi tó ò ń gbé? Ọlọ́hun tó mú ọ lọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò máa pàdé rẹ níbẹ̀. Ìwé tó ò ń kà kò ní dà ọ́ lórí rú, kò sì ní rẹ àwọn tó ń kọ́ ọ kí wọ́n tó kọ́ ọ débi tó yẹ. Àmín.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní ewúrẹ́ rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan ń tiro ṣùgbọ́n òun náà ló ń jẹun jù. Mo ṣì ń ránṣọ ní ìsọ̀ mi ní Bẹẹrẹ, òjò ti gbé páànù ẹ̀yìn lọ, a ti fi ọ̀rá bò ó. Basit ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Pólì ní kí n má wulẹ̀ kọ lẹ́tà, kí n sọ gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ sínú fóònù, òun á fi ránṣẹ́ sí ọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Ìgbà tí mo bá fóònù sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mi ò sọ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, pẹ̀lú ìwé kíkọ tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, kí o má bínú sí bí ó ṣe rí.

Ìwé tí o fi rán dírẹ́bà dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Àtìní. O ní kò tíì parí, pé ọ̀gá yín ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dì í ní èèpo líle, pé kí n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, màá rí orúkọ mi. Inú mi dùn púpọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú ìlú Ìbàdàn lo kọ síbẹ̀, àwọn nǹkan tí o wá bi mí nígbà tí o wálé. Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn kò lédè, ẹni tó bá ti mọ ABD á kà á. Mo fi gíláàsì sójú, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé.

Karimat, orúkọ lọ bẹẹrẹ ni mo bá níbẹ̀. O tò wọ́n sábẹ́ ara wọn, ọdún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkálukú. Adégòkè, 1987. Japheth, 2003. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe ní agboolé wa, pé tí ọdún bá yí po, a ó kọ orúkọ àwọn òkú wa àti ọdún tí wọ́n kú sínú bébà, a ó gbé e fún Àáfáà Zakariyya, yóò máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa yóò sì máa ṣe àmín. Kí ni kí n rò? Mo ní ọmọ mi kàwé títí kò gbàgbé òkú, pé àwọn tó ti ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n sì ti kú nìyí, ó fẹ́ kí a bá òun ṣàdúà fún wọn. Àánú wọn ṣe mí. Ìdílé kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dọ́bù-yù mẹ́ta, mo ka mẹ́rìnlá nínú wọn, gbogbo wọn kú láàárín ọdún méjì. Mo ní irú ikú wo ló wọ ilé yìí.

Ibi tí mo ti ń káàánú ẹni ẹlẹ́ni ni mo ti kan orúkọ ara mi. Gàfárù, 2025. Ọdún tí a wà nínú rẹ̀ yìí.

Mo jókòó. Mo rántí pé ìwọ lo mú bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi lọ sí Èkó lóṣù tó kọjá láti fi han dókítà, tí o sì pè mí pé kò sí nǹkan kan. Mo ní ó ti rí i, kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀, ló ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò bínú sí ọ. Mo kàn rò pé ọdún náà ti lọ jìnnà jù.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Àáfáà Zakariyya. Ó wò ó títí, ó ní tó bá jẹ́ pé inú ìwé yunifásítì ló wà, a jẹ́ pé ó ti dájú. Ó ṣàdúà fún gbogbo wọn, ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìdílé dọ́bù-yù yẹn. Nígbà tó kan èmi, ó bi mí bóyá kí òun fi mí sí i, mo ní kó fi tèmi sílẹ̀ ná títí di ìparí ọdún. Mo ní kí ìyá rẹ dín àkàrà sàárà. Ó bi mí pé ta ló kú, mo ní Adégòkè ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ń lọ láti yàrá dé yàrá láti tọrọ àforíjì. Mo jẹ́wọ́ fún Sìdí tó yá yàrá iwájú pé èmi ni mo gé bùbá rẹ̀ kéré lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe pé ó sanra. Mo gbé sísọ́ọ̀sì mi tó dáa fún Basit. Ìyá Ọlọ́ṣẹ nìkan ni mi ò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyàwó àbúrò baba mi, tí a ti fẹ́ wọ agboolé yìí kí wọ́n tó bí mi, tó sì se ọṣẹ dúdú níbí títí apá rẹ̀ fi rọ. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo kí i, mo ń lọ. Mo ní kò sí gbèsè kankan láàárín èmi àti òun.

Basit ló wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pín ẹrù. Mo fi ìwé hàn án. Ó kọ́kọ́ di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òkú, ọdún tí wọ́n sọ̀rọ̀ ló wà níwájú orúkọ wọn. Ó ní ìdílé dọ́bù-yù yẹn kì í ṣe èèyàn rárá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìwé yìí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bíi pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó dáyé, pé orí kejì wà nínú ìwé rẹ tó jẹ́ kìkì pé o kó ohun tí àwọn tó ṣáájú ti sọ jọ, o gbé e yẹ̀ wò, kí o tó la ẹnu tìrẹ. Ó ní gbogbo ẹni tí o bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, o gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láìdárúkọ rẹ̀, olè ni wọ́n ń kà á sí, kódà ẹ̀rọ wà tó ń mú wọn.

Mo ní ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé kéú nìyẹn, pé kí a tó sọ ọ̀rọ̀ Ànábì, a ó kọ́kọ́ sọ pé lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá, títí yóò fi kan ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Inú mi dùn pé mi ò kú. Àfi bí ìdùnnú yẹn ṣe ń lọ tí nǹkan mìíràn ń wọlé. Mo bi Basit bóyá ẹ̀rọ yẹn lè mú ibi tí orúkọ tèmi wà. Ó ní kò lè mú un, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Mo ní a jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀.

Karimat, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ. Télọ̀ ni mí. Mi ò se ọṣẹ rí láyé mi. Ọjọ́ tí o wá, o bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa ọṣẹ dúdú, o sì gbé fóònù síwájú mi. Àwọn ará ilé dúró, wọ́n ń wò mí, ọmọ mi láti yunifásítì ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ìyẹn ò sì ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Ìyá Ọlọ́ṣẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé bíi pé èmi ni mo ni ín. O ní ṣé kí o bi Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn náà. Mo ní kí o fi í sílẹ̀, pé orí rẹ̀ ti ń dàrú, kò rántí nǹkan kan mọ́. Kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀. Ó ń gbọ́ wa. O rántí pé ó ti ibi tó jókòó sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń sẹ́ omi eérú, èmi sì ní ẹ̀ẹ̀kan ni, pé kí o kọ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ tó sì gbé ìkòkò kaná, ọṣẹ rẹ̀ kò ní dì, ìwọ ni wọ́n á sì bú.

Lánàá mo lọ bá a. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó kọ́kọ́ ṣa ẹ̀wà náà tán. Ó ní òun gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, òun sì rò pé mo ti rí nǹkan kan lára òun tí òun ò mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, kí òun tó dìde láàárọ̀, òun máa ń ka orúkọ àwọn ọmọ òun àti ọmọ-ọmọ òun lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Karimat, ó dùn mí dé egungun. Mo sọkún níwájú rẹ̀, àgbà bíi tèmi.

Mo ní màá kọ̀wé sí ọ kí o fi orúkọ rẹ̀ sípò tèmi. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mo ń pè é. Mo bi í pẹ̀lú ìtìjú. Ràbíátù ni. Ṣùgbọ́n ó ní kí o má kọ òun nìkan, pé òun náà gbọ́ ọ ni, ọwọ́ ìyá ọkọ òun ni òun ti kọ́ ọ, Jamilah, pé ẹ̀yin akọ̀wé kò gbọdọ̀ fi ti ìyẹn sílẹ̀. Jamilah yẹn ni ìyá tó bí baba mi. Ẹni tí kò wọ ilé ìwé rí ló ń kọ́ mi ní ohun tí Basit lọ kọ́ ní Pólì.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, bẹ ọ̀gá yín kó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹ má tíì di ìwé náà. Wá sílé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní òun kò ní fi ẹnu lásán sọ ọ́, pé ojú ìkòkò ni òun á ti fi hàn ọ́, nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí a ó fi ra eérú èèpo kòkó àti àdín. Fi owó àkàrà sàárà yẹn sí i, nítorí Àáfáà Zakariyya ní sàárà kì í padà, bí òkú ọ̀hún bá tilẹ̀ wà láàyè. Sísọ́ọ̀sì mi náà, Basit kò tíì dá a padà.

Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí o kàwé yọrí. Kò ní jẹ́ kí o jẹ ohun tí kì í ṣe tìrẹ, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ tìrẹ. Ọjọ́ tí a bá ń pe orúkọ àwọn tó ṣe rere, wọn kò ní fo tìrẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàfárù.

Mo gbàgbé ohun kan. Yọ orúkọ mi kúrò lẹ́yìn ìwé náà. Ṣùgbọ́n tí àyè kékeré bá ṣẹ́kù níbì kan, kọ ọ́ pé nígbà tí Gàfárù wà lọ́mọdé, òun ló ń ru eérú láti Ọjà'ba wá fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ nílé. Ìyẹn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.