Wáìnì Ọdún Tí A Bí Ọ

Nives ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Torino tó gbà ọ́ sílé. Kí Màríà Mímọ́ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ń gbé. Ara wa le. Ìkùukùu ti bo orí òkè, a ti ká àjàrà tán, ajá wa sì hú olú abẹ́ ilẹ̀ olówó ńlá kan ṣùgbọ́n ó ti gbé e mì kí n tó dé ibẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni wáìnì ọdún tí a bí ọ, tí mo tò sí àjà ilẹ̀ bí gbogbo bàbá ibí ti ń ṣe, pé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ la óò mu ún. Ọkọ ò tíì dé, ìwọ náà ò sì wálé Kérésì mọ́ nítorí ìbéèrè ìyá rẹ. Ọmọbìnrin kan wá láti Milano, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tọ́ wáìnì wò kó sì kọ ọ́ sínú fóònù fún aráyé, mo sì ṣí ìgò kan fún un. Ó gbé fóònù sórí ife, mo dúró jẹ́ẹ́ kí fóònù náà gbóòórùn tiẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó bu wáìnì sẹ́nu, ó yí i kiri, ó sì tu ú sínú korobá. Ìyá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó sáré gbé àwo agnolotti ẹlẹ́ran gbígbóná wá kí ọmọ ọlọ́mọ fi yí ẹnu dà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ohun tó kọ hàn mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní òórùn ọ̀dà títì ń jáde lára wáìnì wa, àti ti awọ àtijọ́, àti ti òdòdó róòsì tó ti rọ, àti ti ewé igbó lẹ́yìn òjò. Ó wá fún un ní máàkì mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo bi akọ̀wé ibẹ̀ pé ta ló jẹ mẹ́fà tó kù, ó kàn ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ẹlòmíràn lọ.

Inú bí mi. Mo kó gbogbo bàtà oko mi kúrò ní àjà ilẹ̀, mo fọ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó, mo sì lọ bá Celso, aládùúgbò wa tó ń da ọ̀dà sójú títì, pé kí ló dé tó ń gbé ọkọ̀ ọ̀dà rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé mi. Celso rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Evasio, imú ẹ ò sí lójú ẹ ni? Wọ́n ń yìn ẹ́, o ń bínú. Tí wáìnì wa ò bá rùn bí ọ̀dà, omi kànga nìyẹn.”

Mo padà sílé, èmi àti ìyá rẹ bu ìyókù inú ìgò náà mu. Ó ti di àwọ̀ bíríkì àtijọ́ létí ife. Nígbà tó wà ní kékeré, ńṣe ló ń gbá ahọ́n mú bí ẹni fẹ́ jà, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ báyìí, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá gbé e mì. Ọ̀dà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lókèèrè, róòsì náà sì wà níbẹ̀, irú èyí tí ìyá mi máa ń tọ́jú sáàárín aṣọ. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wáìnì yìí ti gbó dé góńgó, kí a tètè mu ún, torí láti ìsinsìnyí lọ adùn rẹ̀ á máa dínkù ni. Mo wo ìyá rẹ, ó wò mí. Nives, ìwọ la tò ó dè, a ò tò ó de ọkọ. Wá ní Kérésì yìí, ìwọ nìkan náà tó.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra àwọn ife ńlá tó yẹ ẹ́, torí wọ́n ní ife tiwa ń fún òórùn rẹ̀ lọ́rùn. Fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, má fi ránṣẹ́ gba báńkì, ẹ̀rọ ara ògiri yẹn gbé káàdì mi mì, mo sì ti kí i káàárọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yẹ ọ́. Ìyá rẹ ti búra pé tí o bá dé, òun ò ní bi ọ́ ní ohunkóhun, àfi bóyá kí òun bu sí i fún ọ.

Bàbá rẹ,
Evasio